Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀

Àríyànjiyàn kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi. Ẹnìkan á sọ pé sìgá ń pa èèyàn. Ẹlòmíràn á dáhùn pé bàbá àgbà òun mu sìgá títí ó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú oorun ló sì gbà lọ. Kálukú á wá dúró lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á máa sọ̀rọ̀ bíi pé bàbá yẹn kò gbé ayé rí, ẹnì kejì á máa sọ̀rọ̀ bíi pé bàbá òun nìkan ló gbé ayé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò takora rárá. Ọ̀kan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan, èkejì ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn lápapọ̀. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn, wọ́n sì ń bára wọn jà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí á lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á wá kó o ránṣẹ́ sí mi kí n tẹ gbogbo rẹ̀ síwèé láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sọnù. Màá ki ẹ̀rọ bọ etí, màá gbọ́ gbólóhùn kan, màá dá a dúró, màá tẹ̀ ẹ́, màá tún dá a padà sẹ́yìn kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí mo gbọ́ náà ni mo tẹ̀. Bí èèyàn bá ń ṣe èyí láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí bí kò ṣe ní í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń mọ ìgbà tí inú ń bí i tó ń gbé e mì. Mo máa ń mọ ìgbà tó jẹ́ pé ó ti sọ ìtàn kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú, torí ọ̀rọ̀ náà á máa yọ̀ geerege lẹ́nu rẹ̀. Mo sì máa ń mọ ìgbà tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àbọ̀ ìwádìí náà á jáde. Màá ṣí i wò. Àwọn tí mo gbọ́ ohùn wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Tábìlì tí wọ́n to iye sí ló wà níbẹ̀, àti gbólóhùn bíi "ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ ló gbà pé." Àwọn kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kórìíra irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ṣe ni wọ́n lọ èèyàn kúnná sínú rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn tábìlì náà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Nínú àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe, ọ̀kan wà tó dá lórí ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tó kógbá wọlé. Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ ohun tó dé bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ti ń ránṣọ níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Wọ́n bi í pé kí ló ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n fún un níwèé pé kó máa lọ sílé. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà pẹ́ débi pé mo rò pé ẹ̀rọ ló kú. Ó wá ní òun lọ fọ ife tí òun fi ń mu omi níbi iṣẹ́, òun nù ún gbẹ, òun gbé e padà sí ààyè rẹ̀ lórí pẹpẹ, ìgbà tí òun dé ẹnu ọ̀nà ni òun tó rántí pé ife òun ni, pé ó yẹ kí òun mú un dání. Ó ní òun ò padà lọ mú un.

Fáìlì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ẹ̀rín ni mo bá níbẹ̀. Ọkùnrin kan ni. Ó ní kógbá wọlé tí ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé ni oore tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún òun, torí bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ òun ì bá má lọ kọ́ṣẹ́ wáyà iná, òun ì bá sì má di ọ̀gá ara òun. Ìgbà tí àbọ̀ ìwádìí jáde, ohun tó sọ ni pé owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà wálẹ̀, kò sì gòkè padà sí bó ṣe wà.

Kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí ìjọba kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣètò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ mìíràn tó tilẹ̀kùn, ọkùnrin oníwáyà yẹn kọ́ ló yẹ kí wọ́n bi, obìnrin oníife náà kọ́ sì ni. Tábìlì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, bó ṣe ń rí lára àti lọ́kàn, kó wo tábìlì yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní í rí i níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sìgá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Jeanne Calment, ará Faransé, kú ní 1997 lẹ́ni ọdún 122. Òun ni ẹ̀mí rẹ̀ gùn jù nínú gbogbo àwọn tí àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí wọn wà, ó sì máa ń mu sìgá. Ìtàn bàbá àgbà kankan kò lè ju tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill gbé ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Doll fúnra rẹ̀ ń mu sìgá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì ti kọ́kọ́ fura sí ni ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì. Bí ìdáhùn àwọn aláìsàn ṣe ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀ ló rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì jáwọ́ nínú sìgá. Ní 1951 wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti mọ ẹni tó ń mu ún àti ẹni tí kì í mu ún. Wọ́n tọpa àwọn dókítà ọkùnrin tó lé ní 34,000 fún 50 ọdún. Àbọ̀ tó jáde ní 2004 sọ pé, ní àròpín, àwọn tó mu sìgá títí kú ní nǹkan bí ọdún 10 ṣáájú àwọn tí kò mu ún rí.

Ọdún 10 yẹn kì í ṣe ti ẹnìkan pàtó. Ẹnìkan wà tó pàdánù 30 ọdún, ẹnìkan wà tí kò pàdánù ọjọ́ kan. Àwọn tó yè é wà nínú ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kà wọ́n mọ́ ọn, ó sì jẹ́ 10 síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá àgbà kò fi lè fọ́ ọ. Kò sì yẹ kí ẹni tó mọ ìṣirò náà sọ fún ọmọ-ọmọ bàbá náà pé irọ́ ló ń pa. Bàbá rẹ̀ mu sìgá, bàbá rẹ̀ dàgbà, ó tán.

Nǹkan mìíràn tún wà tí iṣẹ́ mi ti là mí lójú sí: ẹni tó yè ló ń sọ̀tàn. Ó lé ní 2000 ọdún sẹ́yìn tí Cicero ará Róòmù ti kọ ìtàn Diagoras sílẹ̀, ọkùnrin kan tí kò gba àwọn òrìṣà gbọ́. Wọ́n fi àwòrán àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fáwọn òrìṣà hàn án, àwọn tí ìjì òkun jà mọ́ tí wọn ò sì kú, wọ́n ní kó wò ó bí àwọn òrìṣà ṣe ń gbani là. Diagoras ní àwòrán àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí omi sì gbé lọ ni kò sí níbì kankan. Bí fáìlì bá ti wọlé sí mi, àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè: àwọn tí wọ́n kan ilẹ̀kùn wọn tí kò sẹ́ni tó dáhùn, àwọn tó ti kó lọ, àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó ti kú. Ọgọ́rùn-ún ohùn lè pé sọ́wọ́ èèyàn kó sì jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá. Ohùn púpọ̀ yàtọ̀ sí àwòrán tó kún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí ọkàn wa ṣe rí. Ní 2007, Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní dọ́là 5, wọ́n wá ní kí wọ́n yọ ohun tó bá wù wọ́n nínú rẹ̀ fi ran àwọn tí ebi ń pa lọ́wọ́. Àwọn kan ka ìtàn ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní Mali, Rokia lorúkọ tí wọ́n pè é. Àwọn yẹn fi dọ́là 2.38 sílẹ̀ ní àròpín. Àwọn mìíràn ka iye mílíọ̀nù ènìyàn tí ebi ń pa, wọ́n fi 1.14 sílẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi méjèèjì hàn, ìtàn Rokia àti iye náà pọ̀. Àwọn wọ̀nyí fi 1.43 sílẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Rokia kì í ṣe òun nìkan, àánú Rokia alára dínkù lójú wọn.

Mo ti ronú lórí ìyẹn títí. Mi ò bá wọn wí, torí ẹnìkan la lè fojú inú rí, mílíọ̀nù kò ṣeé rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ darí wa ti mọ ibi tí ọkàn wa ti rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a fẹ́ràn nǹkan, wọ́n á mú ẹnìkan wá. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a kórìíra ẹ̀yà kan tàbí àwọn àjèjì, ẹnìkan náà ni wọ́n á mú wá: àjèjì kan tó jalè, tí wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ síta lójoojúmọ́ títí gbogbo àwọn tó jọ ọ́ á fi di olè lójú wa. Olè náà jalè lóòótọ́. Òótọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mú wa. Àwọn àgbà ti ní igi kan kì í dá igbó ṣe, wọ́n sì tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A mọ òwe méjèèjì dáadáa, ibi tí inú bá ti ń bí wa la ti ń gbàgbé wọn.

Síbẹ̀, bí mo bá dúró síbí, á dà bí ẹni pé tábìlì ni ọ̀gá, pé ìtàn ẹnìkan kàn ń ṣi èèyàn lọ́nà ni. Rárá o. Ẹ wo Lọ́ńdọ̀nù ní 1854.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Soho. Kó tó tán, ó ti pa ènìyàn tó lé ní 600. Ìtàn ńlá tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà nígbà náà ni pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fa á, àwọn tálákà sì ń kú torí àdúgbò wọn ń rùn. Dókítà kan, John Snow, ní omi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òkú láti ilé dé ilé, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ páǹpù omi kan ní Broad Street ni wọ́n pọ̀ sí jù. Tábìlì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé afẹ́fẹ́ ni lè wo tábìlì kan náà kó ní àbí ẹ ò rí i, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti burú jù.

Àwọn tí ìtàn wọn kò bá tàwọn yòókù mu ló gbe Snow. Ilé kan wà nítòsí tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí láti máa ṣiṣẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ lé ní 500, àwọn márùn-ún péré ló kú. Wọ́n ní kànga tiwọn. Ilé iṣẹ́ ọtí bíà kan wà ní Broad Street gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 70, onígbáméjì kò pa ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. Bíà ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní omi tiwọn. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wọn ń fà símú, ọ̀kan náà ni.

Opó kan tún wà ní Hampstead tí onígbáméjì pa, ibẹ̀ sì jìn sí Soho, àrùn náà kò sí ládùúgbò rẹ̀. Bí a bá fi ojú ẹni tó fẹ́ràn tábìlì nìkan wò ó, ṣe ló yẹ kí wọ́n fi òkú yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n ní kò bá a mu. Snow kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ béèrè. Ọmọ opó náà sọ fún un pé màmá òun ti gbé Broad Street rí, pé adùn omi páǹpù ibẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ìgò ńlá kan wá fún un láti ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wá kí i láti Islington, ó mu nínú omi náà, ó padà sílé, òun náà kú. Opó tí ì bá da ọ̀rọ̀ Snow rú ló wá di ẹ̀rí rẹ̀ tó lágbára jù.

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Henry Whitehead, ọ̀dọ́ àlùfáà tó ń bójú tó àwọn ará àdúgbò náà. Ó mọ̀ wọ́n lórúkọ, ó ti jókòó ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ibùsùn ikú. Kò gba Snow gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti fi hàn pé dókítà náà ṣìnà, bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ wọn ló ń rí i pé àwọn tó mu omi náà ni àrùn mú jù. Òun ló padà tú ìdí ọ̀rọ̀ náà: ọmọ ọwọ́ kan ní nọ́ńbà 40 Broad Street ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ fọ ìlédìí rẹ̀, ó sì da omi rẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga páǹpù náà. Ẹni tó mọ àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan ló rí ohun tí ẹni tó mọ iye wọn kò tíì rí.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ pé Snow ní kí wọ́n yọ ọwọ́ páǹpù náà, wọ́n yọ ọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ikú sì dáwọ́ dúró. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Snow fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn náà ti ń lọ sílẹ̀ ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ ti sá kúrò níbẹ̀. A ti gé e kó lè dùn sọ. Ìtàn ńlá náà máa ń nílò ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ opó yẹn ni mo ti ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbikíbi tí ẹnìkan bá ti sọ ohun tí kò bá tàwọn tó kù mu. Mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ oníwáyà náà. Àwọn olùwádìí padà síbẹ̀, wọ́n wá àwọn tó dà bíi rẹ̀, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ nínú wọn ti ní owó nípamọ́ tàbí ẹnìkan nílé tó ń gba owó oṣù. Wọ́n ní àkókò láti kọ́ṣẹ́. Obìnrin oníife kò ní in.

Tábìlì náà sì lè parọ́ láìsí ẹnìkan tó fẹ́ parọ́. Ní 1973, ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, 44 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó fẹ́ wọlé fún oyè gíga ni wọ́n gbà, 35 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin. Ẹni tó bá rí i á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Peter Bickel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ń lé obìnrin sẹ́yìn. Ẹ̀ka tó ṣòro wọ̀ fún tọkùnrin tobìnrin ni àwọn obìnrin forúkọ sílẹ̀ sí jù. Kí ló ń darí wọn lọ síbẹ̀? Ìyẹn tún jẹ́ ìbéèrè mìíràn, tí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò lè dáhùn. Àfi kí èèyàn lọ bi wọ́n.

Ẹni tí màmá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kò nílò kí n sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ló máa ń yè é. Ó lè jẹ́ òótọ́ pátápátá, síbẹ̀ ìkà ni, torí kò bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ẹjọ́ màmá rẹ̀ ló ń rò fún mi, màmá rẹ̀ ni kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà fún lọ́la, iye àwọn tó yè é àti iye àwọn tí kò yè é ni màá kọ́kọ́ bi dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá ẹnìkan tó ti là á kọjá, kó sọ fún mi bí òru àkọ́kọ́ ṣe rí àti ohun tó yẹ kí n mú dání.